Bátìrì fún Kọ̀ǹpútà Ilé Yín ní Àbújá: Bí Ẹ Ṣe Máa Yàn Án àti Bí Ẹ Ṣe Máa Tò Ó

Láti Kubwa, láti Lugbe, láti Mararaba, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: “Ẹ jọ̀ọ́, bátìrì wo ni kí n rà tí kọ̀ǹpútà mi ò fi ní máa kú bí wọ́n bá ti múná lọ?” Kí n tó dáhùn, èmi náà á bi wọ́n pé, wákàtí mélòó ni iná fi ń wà lọ́dọ̀ yín? Ọ̀pọ̀ ló lè ka iye wákàtí tí iná fi ń lọ, torí òun ló ń dùn wọ́n. Iye tó fi ń wà ni wọn ò kà rí. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí bátìrì ò lè fún yín ní ohun tí ẹ ò fún un. Bátìrì ràbàtà ní àdúgbò tí iná ti ń wà fún wákàtí mẹ́ta dà bíi dúrọ́ọ̀mù tí mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri, ń da kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo sí lójúmọ́.

Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì nílé ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù lẹ fẹ́ gbé lé e, iṣẹ́ míì nìyẹn.

Kí ẹ tó yọwó lápò

1. Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà yín. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé máa kọ àsìkò tí iná dé àti àsìkò tó lọ. Ẹ má gbára lé Band, ìyẹn ìpele tí iléeṣẹ́ iná fi àdúgbò yín sí, nìkan. Lórí ìwé, ó kéré tán, wákàtí 20 lójúmọ́ ni Band A, 16 ni B, 12 ni C, 8 ni D, 4 sì ni E. Àmọ́ ohun tó wà lórí ìwé lọ̀tọ̀, ohun tó ń dé sọ́kẹ́ẹ̀tì yín lọ̀tọ̀.

2. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tíná bá lọ, pẹ̀lú wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ara ṣájà ni ẹ ti máa rí i. Bí wọ́n bá kọ 19V àti 3.42A síbẹ̀, ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀: 65W nìyẹn.

3. Ẹ pinnu wákàtí tí ẹ nílò gan-an. Ẹni tó ń báṣẹ́ rìn láti aago mẹ́sàn-án sí aago mẹ́rin àti ẹni tó kàn fẹ́ parí ìpàdé orí Zoom kò lè ra ohun kan náà.

Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan kà lára ẹ̀rọ, ẹ lo ìwọ̀nyí:

- Láptọ́ọ̀pù: bíi 30W tí ẹ bá ń tẹ̀wé lásán, ó lè dé 65W tó bá ń ṣiṣẹ́ tó sì tún ń gba ṣáàjì
- Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì: 60W sí 120W
- Èyí tí wọ́n fi ń ṣe fídíò tàbí gbá géèmù: 300W sókè
- Mọ́nítọ̀: 20W sí 30W
- Router: 10W sí 15W
- Fáànù orí tábìlì: 40W sí 60W

Mo fi fáànù síbẹ̀ torí mo mọ̀ yín. Ní oṣù kẹta ní Àbújá, kò sẹ́ni tó máa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láìsí fáànù. Ẹ kà á mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ká ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì yín ń jẹ 100W, mọ́nítọ̀ 25W, router 10W. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 135W. Ẹ fẹ́ lò ó fún wákàtí 5: 135 lọ́nà 5 jẹ́ 675Wh (Wh ni wáàtì lọ́nà wákàtí). Inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tó ń wá láti sọ́kẹ́ẹ̀tì, fúnra rẹ̀ máa ń jẹ nínú iná tó ń gbé kọjá, ẹ jẹ́ ká fún un ní ìdá 15 nínú 100. Ó wá di bíi 800Wh tó gbọ́dọ̀ jáde látinú bátìrì.

Tó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí èyí tó dí pa, tí wọ́n fi òjé ṣe, ìdajì rẹ̀ péré ni kí ẹ máa lò kó lè pẹ́. 800Wh wá di 1600Wh tí ẹ máa rà. Ẹ pín in sí 12V, ẹ máa rí bíi 133Ah (Ah ni wọ́n fi ń ka bí bátìrì ṣe tóbi tó), ìyẹn ni pé 150Ah ló yẹ yín. Tó bá jẹ́ lithium, ẹ lè lo ìdá 80 nínú 100 láìséwu. 12.8V 100Ah, tí gbogbo agbára inú rẹ̀ jẹ́ 1280Wh, á gbé e tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn.

Ó wá ku ìdajì ìṣirò tí àwọn tó ń tajà kì í ṣe fún yín: báwo ni ohun tí ẹ lò ṣe máa padà síbẹ̀? 800Wh lórí 12V jẹ́ bíi 67Ah. Bí inverter yín bá ń fi 15A ṣáàjì, ẹ máa rò pé wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ti tó. Kò tó. Bátìrì olójé máa ń gba iná kíákíá níbẹ̀rẹ̀, tó bá wá ku díẹ̀ kó kún, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lọ́ra-lọ́ra, á lè gbà tó wákàtí mẹ́fà tàbí méje. Lithium ò mọ ìyẹn, ó ń gbà á lọ́wọ́ kan títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Bí ṣájà bá ń fún un ní 20A, wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ti tó o.

Ẹ padà síbi ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Bí àpapọ̀ iná tí ẹ ń rí lóòjọ́ ò bá tó ohun tí bátìrì nílò láti kún, bátìrì yẹn kì í ṣe tiyín, ì báà pọ́ọ́kú.

Ẹ tún ronú síbí: láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ 40W pẹ̀lú router 10W, fún wákàtí márùn-ún kan náà, 250Wh péré ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra bátìrì ńlá torí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti gbó, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá owó yẹn ò lè ra láptọ́ọ̀pù kan fún un. Lójú tèmi, ìdajì àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè yìí, láptọ́ọ̀pù ni wọ́n nílò.

Èwo nínú mẹ́ta yìí ló bá yín mu?

*Láptọ́ọ̀pù àti router nìkan.* Ẹ má ra inverter. Ẹ ra UPS (àpótí tó ní bátìrì nínú, tó ń gba iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ tíná bá lọ) kékeré tí wọ́n ṣe fún router, èyí tó ń gbé 12V jáde tààrà. Ẹ wo ara ṣájà router yín kí ẹ tó lọ, torí òmíràn 9V ni, òmíràn 12V. Bí ẹ bá fi 12V sára ohun tó ń fẹ́ 9V, òórùn ló máa sọ fún yín. Fún láptọ́ọ̀pù tó ń gba ṣáàjì láti ojú USB-C, power bank tó lè gbé 65W jáde ti tó. Èyí tó jẹ́ 20,000mAh ní bíi 74Wh nínú, ó lè fi wákàtí méjì kún ọjọ́ yín bí ẹ bá ń tẹ̀wé lásán.

*UPS fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì.* UPS 650VA tó kún Banex àti Emab, àwọn plásà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ, bíi 360W ló lè gbé, bátìrì inú rẹ̀ sì máa ń jẹ́ 12V 7Ah. 84Wh péré nìyẹn. Pẹ̀lú ẹrù 135W, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún lẹ máa rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹ ráyè tọ́jú iṣẹ́ yín, tàbí kí ẹ ráyè tan jẹnẹrétọ̀. Bó bá jẹ́ pé kò sí ohun tó ń yọ yín lẹ́nu ju kí kọ̀ǹpútà má kú lójijì, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ fi owó tó kù ṣe nǹkan míì.

Ẹ gbọ́ o: wọ́n á sọ fún yín pé ẹ lè yọ bátìrì kékeré inú UPS, kí ẹ fa wáyà síta, kí ẹ so bátìrì ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má gbà. Ṣájà inú UPS kéré jọjọ, kò lè rọ bátìrì ọkọ̀ yó. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọn ò sì ṣe pé kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta. Á gbóná títí yóò fi jó.

*Inverter pẹ̀lú bátìrì.* Èyí ni fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. 1kVA tó fún kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì. Ẹ béèrè fún èyí tó jẹ́ pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti iná ìjọba. Àwọn pọ́ọ́kú tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí fáànù máa kùn, páwà kọ̀ǹpútà tuntun míì ò tiẹ̀ ní gbà á rárá, á kàn kú ni.

Bátìrì wo, fún àdúgbò wo?

Bí iná bá ń wà ju wákàtí 12 lọ lóòjọ́, bátìrì olómi tàbí èyí tó dí pa á ṣe é. Ẹ má fowó ńlá lé lithium bí agbára yín ò bá ká a.

Bó bá jẹ́ wákàtí 6 sí 12, olójé ṣì lè ṣe é, àmọ́ ẹ má ra èyí tó tóbi ju ìṣirò yín lọ. Bí owó bá wà, ẹ ra lithium.

Bí kò bá tó wákàtí 6, ẹ gbàgbé bátìrì olójé. Bátìrì òjé tí kì í kún máa ń ní ohun funfun líle kan tó ń bò ó nínú. Ọdún kan lè má pé tí ẹ fi máa ní “bátìrì yìí kì í ṣe ojúlówó”, bẹ́ẹ̀ ojúlówó ni, ebi ló pa á. Ẹ ra lithium tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, tàbí kí ẹ fi páánẹ́ẹ̀lì sólà kún un. Páánẹ́ẹ̀lì 400W kan lè dá ju 1000Wh padà lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò ò jẹ́ ká rójú ọ̀run, ẹ má retí tó bẹ́ẹ̀.

Bátìrì ọkọ̀ ńkọ́? Wọ́n ṣe é kó fún ẹ́ńjìnnì ní agbára ńlá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kì í ṣe kó máa dín kù díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí márùn-ún. Tokunbo ńkọ́? Ẹni tó tà á mọ ìdí tó fi tà á.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà

Ẹ gbé e wò. Mi ò ṣàwàdà. Òjé ò ṣeé parọ́ mọ́: bátìrì olójé 12V 100Ah máa ń wọ̀n tó 28 sí 32kg, èyí tó jẹ́ 200Ah máa ń wọ̀n tó 55kg sókè. Bí ọmọdé inú ṣọ́ọ̀bù bá fi ọwọ́ kan gbé “200Ah” sórí káńtà, ẹ dágbére fún wọn. Lithium fúyẹ́ ní tiẹ̀, 100Ah rẹ̀ á wà láàárín 10 sí 13kg, nítorí náà ẹ má fi ìwọ̀n olójé dá a lẹ́jọ́.

- Ẹ ní kí wọ́n wọn V rẹ̀ níṣojú yín. Olójé tuntun tí kò sí lẹ́nu ṣáàjì gbọ́dọ̀ tó 12.6V sókè. Bó bá wà ní 12.2V, ó ti pẹ́ nílẹ̀.
- Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Èyí tó ti lo ọdún kan lórí pẹpẹ kì í ṣe tuntun mọ́.
- Ẹ wo orí rẹ̀ bóyá ẹnì kan ti fi sípánà há a rí.
- Fún lithium, ẹ béèrè nípa BMS (ẹ̀rọ kékeré tó ń dáàbò bò ó) inú rẹ̀ àti iye A tó lè gbé jáde. Fún inverter 1kVA, kó má dín sí 100A.
- Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ara bátìrì wà lórí rẹ̀. Gàráńtì ẹnu lásán kì í ṣe gàráńtì.

Bí ẹ ṣe máa tò ó

Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n rárá, ẹ pe oníṣẹ́ iná, kí ẹ sì dúró tì í pẹ̀lú ìwé yìí lọ́wọ́.

1. Ẹ wá ibi tí atẹ́gùn ń gbà. Kó má jẹ́ yàrá tí ẹ ń sùn, pàápàá bátìrì olómi, torí gáàsì tó ń tú jáde nígbà tó bá ń ṣáàjì lè gbiná. Kó má jẹ́ ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, kó má sì jẹ́ ibi tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé. Ẹ fi pákó sábẹ́ rẹ̀.

2. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Ẹ fi téèpù dúdú wé ọwọ́ sípánà, kó ku orí rẹ̀ nìkan. Irin tó bá kan orí bátìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà á pọ́n bí ẹyin iná.

3. Ẹ lo wáyà tó nípọn, 25mm², kó má gùn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Lórí 12V, inverter 1kVA lè fa 80A. Wáyà tí wọ́n fi ń so bọ́ọ̀bù ò lè gbé e.

4. Ẹ fi fíúùsì 100A tàbí 125A sórí wáyà pupa, nítòsí bátìrì. Ibí yìí ni àwọn oníṣẹ́ máa ń fò jù, wọ́n á ní “kò pọn dandan”. Ó pọn dandan.

5. Ẹ pa inverter. Ẹ so wáyà pupa mọ́ orí tó ní àmì +, kí dúdú wá kẹ́yìn. Ó lè ta páá díẹ̀ nígbà tí dúdú bá kan bátìrì, ìyẹn ò léwu. Tó bá ta gidi tí kò dáwọ́ dúró, ẹ yọ ọ́ kíá, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbé orí síbi ìdí.

6. Ẹ sọ fún inverter irú bátìrì tó ń bá lò. Olómi lọ́tọ̀, èyí tó dí pa lọ́tọ̀, lithium lọ́tọ̀. Inverter tí kò bá ní ojú lithium, ẹ má so lithium mọ́ ọn.

7. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún dénú kí ẹ tó gbé ẹrù kankan lé e.

8. Ẹ ya sọ́kẹ́ẹ̀tì kan sọ́tọ̀ fún ohun tó ń bọ̀ láti inverter. Ẹ má ṣe wáyà tó ní púlọ́ọ̀gì lórí méjèèjì láti fi ti iná padà sínú ògiri. Ó ń pa ènìyàn. Iná yẹn lè jáde sí wáyà àdúgbò, kó bá ẹni tó wà lórí òpó.

9. Ẹ rí i pé wáyà áàtì wà, ó sì wọlẹ̀ lóòótọ́. Nínú ilé àgbàsọ ní Nyanya àti Karu, sọ́kẹ́ẹ̀tì lè ní ihò mẹ́ta, kí ìkẹta má so mọ́ nǹkan kan.

10. Ẹ tọ́jú iṣẹ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá pa súìṣì ńlá. Bí kọ̀ǹpútà ò bá kú, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, kí ẹ pa inverter, kí ẹ sì fọwọ́ kan wáyà. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ò burú. Bó bá gbóná débi tí ọwọ́ ò gbà á, ibìkan wà tí wọn ò há dáadáa.

Súìṣì kékeré tó wà lẹ́yìn inverter

Ọ̀pọ̀ inverter ní súìṣì kan, UPS lápá kan, Normal lápá kejì, tàbí kó wà nínú mẹ́nù. Tó bá wà lórí UPS, ó máa ń sáré gba iṣẹ́ nígbà tíná bá lọ, ní bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Lórí Normal, ó lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà orí tábìlì sì lè kú, kó tún ara rẹ̀ tàn.

Ẹ fi sí UPS nígbà náà? Bẹ́ẹ̀ ni, àyàfi bí háàfù kọ́rẹ́ǹtì bá ń yọ yín lẹ́nu. Lórí UPS, inverter kì í gba iná tó bá wálẹ̀ ju bíi 170V lọ. Bí àdúgbò yín bá ń rí 150V láti aago méje alẹ́ tí gbogbo ènìyàn bá ti tan nǹkan, inverter á kà á sí pé iná ti lọ, á máa jẹ bátìrì, bọ́ọ̀bù ìta á sì wà níbẹ̀ tí á máa tàn rẹ́súrẹ́sú. Ilẹ̀ á mọ́, bátìrì á ti ṣófo, ẹ ò sì ní mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Níbi tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi sitabiláísà tó dáa síwájú inverter, kí iná tó wọlé ti gòkè kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Síwájú ni mo wí o, kì í ṣe lẹ́yìn. Ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù lè fi sí Normal kó gbàgbé, bátìrì inú láptọ́ọ̀pù á dí àlàfo yẹn.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀

Bí UPS yín bá ní ihò USB lẹ́yìn, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Windows á rí i bíi pé ó jẹ́ bátìrì láptọ́ọ̀pù. Ẹ lọ sí Power Options, kí ẹ ní kó wọ hibernate tí bátìrì bá ku díẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ ò sí nílé nígbà tíná lọ, iṣẹ́ yín á ti wà ní ìpamọ́.

Àwọn ohun tí kò gbọ́dọ̀ kan inverter yìí

- Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser: nígbà tó bá ń gbóná láti tẹ̀wé, ó lè fa ju 500W lọ lẹ́ẹ̀kan náà
- Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, irin tí wọ́n fi ń na irun
- Ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n tí ará ilé kejì fà láti ojú fèrèsé “fún fóònù lásán”

Ooru, eruku àti omi

Àárín 25°C ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ ayé bátìrì olójé. Bí ibi tó wà bá fi 10°C gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà gbogbo, ọjọ́ ayé rẹ̀ á já sí ìdajì. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, 35°C kì í ṣe nǹkan bàbàrà ní Àbújá. Lókè ní Kánò àti Sókótó, ó ń kọjá 40°C. Nítorí náà, ibi tó tutù jù nínú ilé ni ti bátìrì.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu ojú fáànù inverter lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Eruku tó bá dí i ló ń mú kó máa pariwo, kó sì máa pa ara rẹ̀.

Bátìrì olómi: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Omi bátìrì nìkan ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe píọ̀ wọ́tà, kì í ṣe omi kànga, kì í sì í ṣe ásíìdì. Ẹ bu ú lẹ́yìn tó bá ti ṣáàjì kún, kó má baà ru jáde.

Bí bátìrì olójé bá wá kú tán, ẹ má dà á nù, ẹ má sì da ásíìdì inú rẹ̀ sí gọ́tà. Òjé inú rẹ̀ lówó lórí. Ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ ra tuntun, kí wọ́n yọ owó rẹ̀ kúrò, torí iye tí Baban Bola, ẹni tó ń ra àlòkù, tó ń ti ọmọlanke kọjá lẹ́nu ọ̀nà máa dá kì í tó bẹ́ẹ̀. Lithium ò ní iye bẹ́ẹ̀ lórí, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, kó má dé ibi tí wọ́n ti ń sun pàǹtí.